Orúkọ Obìnrin Keje

Sàkínà ló ní kí n kọ ọ́. Òun ni ọmọbìnrin tó gba ipò mi nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Afẹ́lùúfẹ́re ní Bantè, níbi tí mo ti tọ́jú ìwé láti ìgbà tí mo jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé títí orúnkún mi fi kọ iṣẹ́. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá bi òun léèrè irú iṣẹ́ tí ìtọ́jú ìwé ìrántí jẹ́, àti pé ṣé èèyàn lè fi í ṣe iṣẹ́ ayé. Mo ní, "Sàkínà, lásìkò yìí kọ́? Lásìkò tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ yìí?" Ó ní, "Màmá, lásìkò yìí gan-an ni."

Ó dáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún yín: iṣẹ́ yìí ń fa àìsùn. Àwọn èèyàn á rí ọ lórí àga, wọ́n á ní iṣẹ́ ìjókòó lò ń ṣe, iṣẹ́ ẹni tí kò lè dáko. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀, bó bá ṣì í kọ, òkú ò ní jí wá tún un ṣe. Èmi ṣì í kọ. Orúkọ obìnrin kan ṣoṣo ni mo fi rọ́pò ti obìnrin míì, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, títí ó fi ku díẹ̀ kí wọ́n fín in sára òkúta. Ìyẹn ni mo fẹ́ rò fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀.

Àwọn ìyá wa ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kí ohun tí obìnrin ṣe fún ilẹ̀ yìí má bàa bá àwọn àgbà wọlẹ̀. Orin wà nínú àpótí wa, ìtàn agbolé wà níbẹ̀, àwòrán àti ìwé ìpàdé náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀rí àwọn arúgbó nípa obìnrin méje. Láyé iṣẹ́ àfipáṣe, nígbà tí àwọn òyìnbó Faransé ń de àwọn ọkùnrin lókùn lọ la títì, obìnrin méje láti Bantè àti abúlé rẹ̀ lọ jókòó sáàárín ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde àfi bí wọ́n bá tú àwọn ọkùnrin sílẹ̀. Oòrùn pa wọ́n, wọ́n nà wọ́n, wọn ò dìde. Nígbẹ̀yìn wọ́n tú àwọn ọkùnrin náà sílẹ̀. Gbogbo ọmọ Bantè ló mọ̀ pé méje ni wọ́n. Iṣẹ́ tiwa ni ká mọ orúkọ wọn.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gba àlàyé: mo mọ̀ ọ́n kọ, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dáa. Owó rẹ̀? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọkọ mi ń ṣe olùkọ́, a ní oko kajú, ebi ò pa wá.

Ọ̀gá mi ni Màdáámù Sẹsílíà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwé àwọn Kátólíìkì. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀ níwájú ilé, àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé á dáhùn. Kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan kàyé kankan, ìwé tí a ń kọ ẹ̀rí sí, á ní kí n na ọwọ́ méjèèjì, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ti gbóòórùn epo báyìí, "Lọ fọwọ́!" Ohun tí kò bá tíì dá a lójú, kíréyọ̀, ìyẹn pẹ́ńsùlù, ló fi ń kọ ọ́, kó lè ṣeé pa rẹ́. Ọjọ́ tó bá rí ẹ̀rí rẹ̀ ló tó ń fi tàdáwà tẹ̀ lé e. Mo ti rí i tó fa ojú ìwé ya nítorí pé mo fi tàdáwà kọ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo sọ.

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ tó le jù, ti orúkọ ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, bí wọ́n bá ti bí i kó o tó wọlé, ọkọ ni sí ọ. O máa wá orúkọ míì tí wàá máa fi pè é: Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Akọ̀wé. Àbúrò ọkọ mi tín-ín-rín nígbà tí mo dé, mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Lónìí, òun ni olórí agbolé, ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì ni mò ń pè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Nínú ìwé ńkọ́? Àwọn arúgbó obìnrin tó ń jẹ́rìí fún wa, ìyàwó ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n á ròyìn fún wákàtí méjì, o ò ní gbọ́ orúkọ gidi kan.

Màdáámù wá ṣètò rẹ̀ báyìí: kàsẹ́ẹ̀tì ní ojú méjì. Lójú kìíní, ìyàwó á sọ ìtàn. Lójú kejì, a ó pe ọmọ ilé, ẹni tí wọ́n bí sí agbolé náà, tí orúkọ kì í ṣe èèwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kó sọ ohun tí olúkúlùkù ń jẹ́ gan-an. Bí ojú kejì bá ṣófo, kàsẹ́ẹ̀tì yẹn kò tíì di ẹ̀rí.

Mo fi ojú ara mi rí i. Mo gba orin kan sílẹ̀ ní abúlé Bobè lẹ́nu ìyàwó àgbà kan, orin ìkórè lásán, ó mẹ́nu kan "Akọ̀wé" nínú rẹ̀. Mo délé, Màdáámù yí kàsẹ́ẹ̀tì síkejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ta ni Akọ̀wé?"

"Mi ò mọ̀, Màdáámù. Orin ni."

"Orin ni. Ẹni tí wọ́n kọrin fún ńkọ́, èèyàn ni àbí igi?"

"Èèyàn ni, Màdáámù."

"Kẹ̀kẹ́ rẹ dà?"

Ọjọ́ náà gan-an ni mo padà sí Bobè. Mò ń wa kẹ̀kẹ́, mò ń sunkún, mò ń bú u sínú. Akọ̀wé náà? Ọkùnrin tí kò mọ̀wé rárá ni o! Igi ṣíṣẹ́ ló máa ń fi há etí bíi kálámù, làwọn ìyàwó ilé fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo gbé e fún Màdáámù, ó wò ó, ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Kò kí mi kú iṣẹ́.

Ọdún mélòó kan ni a fi ń káàkiri bẹ́ẹ̀, ọ̀nà eruku, Agoua, Akpassi, Bobè, èmi àti Màdáámù, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ìgbà tó yá mi ò lè rántí mọ́ ẹni tó sọ kí ni níbo. Mi ò tilẹ̀ rò pé ó yẹ kí n rántí. Màdáámù wà, kàyé wà.

Nígbà tó yá, Màdáámù kú. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a sin ín, ìjì ṣí òrùlé yàrá ẹgbẹ́ wa. Yéè! Mo sáré débẹ̀ láàárọ̀, omi ti dé kókósẹ̀. Àpótí tó wà nísàlẹ̀ ti mumi yó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú kàyé kọ̀ọ̀kan, mò ń sá wọn lórí koríko. Ẹ̀rí obìnrin mẹ́fà ṣeé kà. Ti obìnrin keje ti di ẹ̀kọ. Tàdáwà Màdáámù ti ṣàn lọ pátápátá. Ohun tó kù ni kàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé tó wà lára rẹ̀ sì ti bó.

Ọjọ́ kejì ni àjọ̀dún orílẹ̀-èdè. Wọ́n fẹ́ ka orúkọ àwọn méje náà sétí ìlú, ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ kàsẹ́ẹ̀tì ti rì sómi. Mo yá ti katikíìsì, ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun máa gbà á lọ́sàn-án, kíláàsì ń dúró de òun. Mo gbé kàsẹ́ẹ̀tì sí i. Ohùn arúgbó kan ń ròyìn, ó dé ibì kan, ó ní, "Ẹni keje, Adúmáadán wa ni." Ojú kìíní parí. Katikíìsì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo aago.

A ní Adúmáadán nílé ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni, ó dúdú, ó ń dán. Ohun tí gbogbo àwa ìyàwó ń pè é nìyẹn. Àwọn ará ilé wa sì máa ń sọ ọ́ nídìí ẹmu pé tiwọn wà lára àwọn tó jókòó. Mo ní lọ́kàn mi, òun náà ni. Mo gbé ẹ̀rọ fún katikíìsì. Mi ò yí kàsẹ́ẹ̀tì síkejì. Mo lọ bá ọkọ mi, ó pe orúkọ àgbà náà fún mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Tàdáwà ni mo fi kọ ọ́.

Ẹ wò ó, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Wọ́n kà á sétí ìlú, láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin ilé wa ló ń gbé àsíá ṣíwájú ní gbogbo àjọ̀dún. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn àgbà ìlú.

Lọ́dún kẹta, obìnrin kan wá sí yàrá wa láti Akpassi, Màmá Felisité ni wọ́n ń pè é. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹni keje yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ lẹ́nu ara mi. Ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀." Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Mo ṣí ìwé níwájú gbogbo wọn, mo fi ìka tọ́ka sí i, mo ní, "Màmá, ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Màmá Felisité bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó tún padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá, mo tún dá a lóhùn kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín: ẹ̀rù ló bà mí. A ti ra ẹ̀rọ míì nígbà yẹn. Kàsẹ́ẹ̀tì yẹn wà nísàlẹ̀ àpótí, mo mọ ibi tó wà, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí mo bá gbálẹ̀ dé ibẹ̀, màá yí ìgbálẹ̀ gba ibòmíràn. Tó bá jẹ́ pé mo tọ̀nà ńkọ́? Tí mo bá sì ṣìnà, ojú wo ni màá fi wo ilé ọkọ mi? Bí mo ṣe ń dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kan ti kán, tí a máa ń fọwọ́ fi kún un. Ikán dé, a bá ikán jà. Kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní òrdinatọ̀ dé, mo ní mi ò kọ́ ọ, mo padà kọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń yìn mí, wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ìwé tó mi, àwọn ọmọ yunifásítì ń wá kí mi. Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Mo fẹ̀yìn tì, Sàkínà gba iṣẹ́. Ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní Savalou ni, mùsùlùmí tó fara balẹ̀, ó gbọ́ èdè Mahi, ó gbọ́ Ìṣà tiwa, Faransé ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo kàsẹ́ẹ̀tì sínú òrdinatọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú méjèèjì. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó fóònù mi. "Màmá, ẹ máa bọ̀. Ẹ má sáré o, ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀."

Ó fi àga fún mi, ó tẹ ẹ̀rọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni ọmọ tó ń ké. Pọ́ọ̀lù ọmọ mi ni! Ọmọ tó ti ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta báyìí, igbe rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ni ohùn Màdáámù: "Kóléètì, gbé ọmọ yẹn jáde!" Ni mo bá rántí. Akpassi ni. Mo dúró sábẹ́ igi kajú títí wọ́n fi parí, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn mi. Ohùn obìnrin kan wá dé, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé: "Àdùkẹ́ ni Adúmáadán ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi. Kò bímọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ dáadáa."

Màmá Felisité ni. Mo bú sẹ́kún. Sàkínà pa ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Màmá, òkúta wà ní Savalou."

Ẹgbẹ́ ti fi orúkọ àwọn méje ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ òkúta kan níbẹ̀, kó fín wọn, ká gbé e sí gbàgede ìlú. Ọjọ́ kejì, zẹ́mì, alùpùpù akérò, gbé àwa méjèèjì. Ọkùnrin náà ti parí mẹ́fà, ó ti fín lẹ́tà méjì nínú ìkeje. Sàkínà bá a sọ Mahi, ó bá a sọ Faransé, mo kúnlẹ̀ sínú eruku òkúta.

"Ìyá, ẹ dìde," ló ní. "Màá dúró títí di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ìwé tó ní òǹtẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé. Kí ẹgbẹ́ yín kọ òmíràn wá, kí ìdílé tó wà nínú ti àkọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Òkúta kì í ṣe kàyé."

Mo lọ bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọkọ mi ti kú, òun ni olórí ilé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyàwó wa, ẹ ti darúgbó mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ wá fẹ́ tú wa síhòòhò lójú ayé? Ọmọ ọmọ mi ló máa gbé àsíá lọ́dún yìí!"

"Mo mọ̀, ọkọ mi."

"Ẹ mọ̀? Ta ló ní kí ẹ kọ ọ́? Ṣé àwa la bẹ̀ yín?"

Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó padà. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Ẹni tó gbé e wọlé ni kó gbé e jáde. Ní gbangba. Kí ẹ pe orúkọ ìyá wa, kí ẹ ní kì í ṣe òun. Bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn, màá fọwọ́ sí i."

Ó mọ ohun tó ń béèrè. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, orúkọ náà kò tíì gba ẹnu mi jáde rí. Kíkọ ni mo kọ ọ́. Kálámù kì í ṣe ẹnu. Kí ìyàwó dúró láàárín ọjà pe àgbà ilé ọkọ rẹ̀ tó ti kú lórúkọ, kó tún fi ìyẹn tàbùkù rẹ̀? Ẹ gbà mí o.

Èmi àti Sàkínà kọjá sí Akpassi. Màmá Felisité wà lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Sàkínà gbé fóònù sétí rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ti ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní ká tún un ṣe. Mo ní, "Màmá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ foríjì mí."

"Ta ló wà níbí tó ń gbọ́ ọ?"

"Èmi àti Sàkínà ni."

"Ṣé ẹni méjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó o fìka tọ́ka sí ìwé fún mi?"

Mo ní rárá.

"Lọ sọ ọ́ níbi tí èèyàn wà. Bí Ọlọ́run bá gbà, màá wá gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ pé jọ sábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà níwájú pẹ̀lú gbogbo agbolé wa, ojú wọn le. Àwọn ọmọ Akpassi gbé Màmá Felisité dé lórí alùpùpù, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n di ìyá náà mú láàárín. Mo dìde. Mo sọ ti ìjì, mo sọ ti katikíìsì, mo sọ ti ojú kejì tí mi ò yí. Mo ní mo pe àgbàlagbà ní òpùrọ́, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé mi ò ní ẹ̀rí. Ariwo sọ. Mo wá dé ibi orúkọ náà.

Mo lanu. Kò jáde. Mo tún gbìyànjú, kò jáde. Mo wo àwọn ìyàwó ilé wa, gbogbo wọn ti tẹ orí ba. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Ó ń parọ́, ẹ ò rí i?" Mo rò pé ó tán nìyẹn, pé wọ́n máa fín in bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dìde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nàró, ara rẹ̀ ti wúwo. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

"Ìyàwó kì í pe orúkọ," ló wí. "Èmi ọmọ ilé nìyí. Ìbídùn ni ìyá wa ń jẹ́. Obìnrin rere ni. Kò jókòó sójú títì lọ́jọ́ náà. Ìyàwó wa kò parọ́."

Ó jókòó. Sàkínà lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú Màmá Felisité, ó bi í léèrè ẹni tó jókòó, ìyá náà sì pe orúkọ: Àdùkẹ́. Ohùn rẹ̀ kò lọ jìnnà. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí pè é tẹ̀ lé e, àwọn tó wà lẹ́yìn gbà á lẹ́nu wọn, títí gbogbo àtíbàbà fi ń pe orúkọ obìnrin tí kò bímọ.

Mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà. Ó nawọ́ wá mi nítorí ojú rẹ̀, ó bá ejìká mi, ó fi ọwọ́ lé e.

"Ó pẹ́ o, Kóléètì," ló ní.

Níwájú wa, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fọwọ́ sí ìwé tuntun tí Sàkínà gbé fún un.